Ìpadà sí Ẹnu Iṣẹ́ Lẹ́yìn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọmú

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ ọ́, wọn a rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ olè ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú mú ni, tí wọ́n gba ìtọ́jú, tí Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí wọn sí. N kò ní pẹ́ lórí bí àrùn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà bá ti ní kí obìnrin náà máa lọ sílé. Báwo ni yóò ṣe padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, sí oko rẹ̀, sí kíláàsì tí ó ń kọ́, tàbí sí ọ́fíìsì tí ó ti ń ṣiṣẹ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ẹni tí orí kó yọ lọ́wọ́ ikú, kí ni ó tún ń wá iṣẹ́ ṣe sí? Kí ó jókòó, kí ó máa dúpẹ́." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò bá ìwà wa mu. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn bàbá wa tí a ń pè ní òṣómàáló ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń tà á ní àwìn, wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ní Òṣogbo, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ìlú náà ní ọdún 1907 ni òwò ti gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá aláró sì ti ń rẹ aṣọ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Ọmọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ka ìjókòó lásán sí ìsinmi. Yàtọ̀ sí èyí, owó ilé ìwòsàn a máa gbẹ́ àpò ọ̀pọ̀ ìdílé kí ìtọ́jú tó parí, bẹ́ẹ̀ ni nínú ilé púpọ̀, owó tí ìyá ń rí lójoojúmọ́ ni a fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Oúnjẹ ni iṣẹ́ jẹ́ fún un, iyì sì ni.

Ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí le ní ilẹ̀ wa ju ti àwọn òyìnbó lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iye àwọn obìnrin tí a rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn ní gbogbo ayé ní ọdún 2022 sí mílíọ̀nù 2.3, àwọn tí ó pa ní ọdún kan náà tó 670,000. Ní Nàìjíríà, òun ni jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn obìnrin. Ní ilé ìwòsàn UCH tí ó wà ní Oríta Mẹ́fà ní Ìbàdàn, láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ wa tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìdí tí àrùn yìí fi ń mú àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní kékeré, tí ó sì ń le sí wọn lára. Ní ìlú òyìnbó, àwọn ìyá àgbà ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ó ń mú. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé 50 ọdún. Ìgbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, tí òwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé, tí ìyá àti bàbá ti dàgbà tí wọ́n ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ, ìgbà náà gan-an ni àrùn ń kanlẹ̀kùn. (Kí ẹ̀yin ọkùnrin má sì rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni mo ń sọ, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí jẹjẹrẹ ọmú mú, ó lè jẹ́ pé ọkùnrin ni ẹnì kan nínú wọn.)

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé obìnrin lè jí dìde kúrò nínú àrùn yìí kí ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá, kí ó wo Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu. Ọmọ ilẹ̀ Ìgbò ni, ó fẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, onímọ̀ nípa ẹja sísìn sì ni. Ní ọdún 1997 ni a rí jẹjẹrẹ ọmú lára rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní BRECAN, láti máa la àwọn obìnrin lójú, àti láti máa dúró ti àwọn tí àrùn náà mú. Láti ọdún 2017 títí di 2023 ni ó fi jẹ́ aya gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èyí sì jẹ́ ogún ọdún lẹ́yìn tí àrùn náà kọ́kọ́ dé. Ohun tí mo yìn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò fi í pamọ́. Ní ìgbà náà, àwọn tí wọ́n ń la ẹnu sọ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa kò pọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìtọ́jú náà ti rí, nítorí ẹni tí kò mọ bí ọ̀nà ti gùn tó kò lè dá ìgbà tí yóò dé. Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ṣáájú rẹ̀, oògùn kan wà tí a ń fà sínú iṣan, èyí tí àwọn aláìsàn ń pè ní kẹ́mò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni a ń gbà á, ó sì lè tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó parí. Ìtànṣán ẹ̀rọ tún wà, tí a ń gbà fún ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan yóò máa lo oògùn oníhóró fún ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn títí di ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá ti parí. Ẹni tí ń lo oògùn oníhóró yìí lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bí ooru tilẹ̀ ń mú un lójijì tí oríkèé sì ń ro ó.

Ní agbègbè wa, ènìyàn lè kọ́kọ́ fi ara han dókítà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ilésà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tí ó sì ti wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1975, tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ní ti ìtànṣán, Ìbàdàn tàbí Èkó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń forí lé. Ní Èkó, wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun kan ní ilé ìwòsàn LUTH ní ọdún 2019. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìyá tí ń ta ata ní Ọjà Ọba. Kò lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀ lójoojúmọ́. Yóò wá ibi tí yóò wọ̀ sí fún oṣù kan gbáko, ìsọ̀ rẹ̀ yóò sì wà ní títì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò ti mọ ọ̀nà ìsọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí àwọn ará ilé mọ̀ ni ọ̀rọ̀ àárẹ̀. Àárẹ̀ tí ìtọ́jú yìí ń mú wá kì í ṣe èyí tí oorun alẹ́ kan ń lé lọ. Ó lè wà lára fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí oògùn ti parí, nígbà tí irun ti hù padà, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti kún. Níhìn-ín ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe àìdáa. Wọ́n rí obìnrin tí ara rẹ̀ dán, wọ́n sì ń wí pé ọ̀lẹ ni, pé ó ń fi àìsàn ṣe àwáwí. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń dín àárẹ̀ yìí kù ju ìdùbúlẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlàjì ọjọ́, kí ó yan wákàtí tí ara rẹ̀ ń le jù, kí ó sì fi kún un bí agbára bá ti ń padà. Kẹ́mò tún lè mú kí ọmọ ìka kú tipiri. Èyí kò dára fún aránṣọ tí ń lo abẹ́rẹ́ àti ẹni tí ń yan gàrí, nítorí iná lè jó o lọ́wọ́ kí ó tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbé máa ń ṣe àwọn mìíràn. Ìyá tí ń tajà ní àwìn, tí ó sì ti ń fi orí pa gbogbo gbèsè mọ́ láti ọdún pípẹ́, kí ó ra ìwé kékeré kan kí ọmọ rẹ̀ máa bá a kọ ọ́. Ojú kò gbọdọ̀ tì í.

Ọ̀rọ̀ apá ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí apá ni iṣẹ́ wa. Àwọn àgbà kan ṣì ń wí pé ẹni tí a bá gé ọmú rẹ̀, apá rẹ̀ ti kú nìyẹn. Wọn kò ṣàdédé sọ ọ́. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń gé ọmú, wọn a gé ẹran àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, wọn a sì kó gbogbo kókó abíyá kúrò, apá a sì di aláìlágbára ní tòótọ́. Láti ọdún 1971, Dókítà Bernard Fisher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin, wọ́n sì fi hàn pé gígé púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi kún ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọdún 1985 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé, bí kókó náà bá kéré, ẹni tí a yọ kókó nìkan lára rẹ̀, tí a sì fún ní ìtànṣán, ń pẹ́ láyé bí ẹni tí a gé gbogbo ọmú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ òde òní kò rí bí ti àtijọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá tètè lọ, díẹ̀ ni wọn yóò gé, apá rẹ̀ yóò sì ṣiṣẹ́. Ó bà mí nínú jẹ́ pé ìbẹ̀rù iṣẹ́ abẹ àtijọ́ ni ó ń dá àwọn kan dúró sílé títí kókó kékeré fi ń di egbò ńlá.

Síbẹ̀, nígbà tí a bá yọ kókó abíyá, tàbí tí a fi ìtànṣán sí i, omi ara lè máa dúró sínú apá, kí apá sì máa wú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé ohun kan tí ó wúwo mọ́ láéláé. Ìmọ̀ràn yìí kò ṣeé tẹ̀lé fún ẹni tí ń pọn omi, tí ń gún iyán, tí ó sì ń gbé ọmọ. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn máa gbé irin, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó fúyẹ́, kí wọ́n sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Apá wọn kò wú ju ti àwọn tí kò gbé nǹkan lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní agbára sí i. Ohun tí a rí kọ́ ni pé kí ènìyàn má ṣe sáré gbé àpò gàrí ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá dé. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí agbada òfìfo, kí ó gbé omi ìdajì garawa lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì máa wo apá rẹ̀. Bí òrùka tàbí ọwọ́ bùbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, kí ó dúró, kí ó sì lọ rí dókítà.

Ìyá aláró ní Òṣogbo ní ìṣòro tirẹ̀. Aṣọ tí ó ti mu aró wúwo púpọ̀, sódà àti omi eérú sì ń bó awọ ọwọ́. Apá tí a ti yọ kókó abíyá rẹ̀ kì í lè bá àrùn jà dáadáa. Ojú ọgbẹ́ kékeré tàbí ìbóra lè di ohun tí yóò gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Kí ó lo ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó ga dé ìgúnpá, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa fún aṣọ, nígbà tí òun ń ya ọnà àdìrẹ tí ó sì ń gba owó. Bákan náà ni ẹni tí ń lọ sí oko kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: kí ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, kí ó fi ọṣẹ fọ ibi tí ẹ̀gún bá ti gún un lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ sì wà, tí ó ń na apá sókè kọ̀wé sí ara pátákó láti òwúrọ̀. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún un ní kíláàsì tí ọmọ kò pọ̀ nínú rẹ̀, kí ọmọ kíláàsì kan sì máa bá a kọ èyí tí ó bá ga.

Ní ti àwọn tí ń gba owó oṣù, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí òfin wí. Òfin Iṣẹ́, bí ó ti wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004, fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan pẹ̀lú owó iṣẹ́, bí dókítà bá kọ ìwé pé ara rẹ̀ kò yá. Nínú ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2008, ọjọ́ 42 ni a fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò sùn sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ àwọn dókítà. Ẹ̀yin náà lè ṣírò rẹ̀. Ìtọ́jú tí ó gba oṣù mẹ́fà kò lè wọ inú ọjọ́ 12. Èmi kò rò pé ẹni tí ó kọ òfin yẹn ro irú àìsàn yìí rárá. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ má ṣe dúró títí ọjọ́ yóò fi tán kí ó tó sọ̀rọ̀. Kí ó tètè mú ìwé dókítà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kí ó béèrè ìlànà tí ó wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ó so ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ mọ́ ìsinmi àìsàn, kí ó sì béèrè bóyá òun lè máa wá ní ọ̀sẹ̀ tí kẹ́mò kò bá sí. Ohun gbogbo tí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pé kí olúkúlùkù wọ ètò adójútòfò ìlera. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ béèrè dáadáa ohun tí ètò náà kó mọ́ra àti èyí tí kò kó mọ́ra, kí ó tó sanwó.

Ṣùgbọ́n kí ni òfin Àbújá já mọ́ fún obìnrin tí kò ní ọ̀gá? Kò sí ẹni tí yóò san owó ọjọ́ 12 fún ẹni tí ń ta elùbọ́ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Òfin tirẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọjà. Mo fẹ́ bẹ àwọn Ìyálọ́jà wa pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá lọ fún ìtọ́jú, kí ìsọ̀ rẹ̀ má ṣe bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Kí ẹnì kan nínú ìbátan rẹ̀ máa jókòó níbẹ̀, tàbí kí aládùúgbò máa bá a ta díẹ̀. Bí ó bá wà nínú èsúsú, kí wọ́n jẹ́ kí ó kó o ṣáájú, tàbí kí wọ́n sún ìdá tirẹ̀ síwájú títí yóò fi dé. Àwọn bàbá wa mọ àáró. Bí mo bá ro oko rẹ lónìí, ìwọ yóò ro tèmi lọ́la. Wọn kì í bi ara wọn pé ta ni apá rẹ̀ le jù. Obìnrin tí kò lè ro oko mọ́ ní ọdún yìí lè san àáró rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ títọ́jú, oúnjẹ sísè fún àwọn tí ó wà lóko, tàbí ọjà bíbá wọn tà. Èyí kì í ṣe ìtọrẹ àánú, àṣírí rẹ̀ sì bò.

Àwọn ènìyàn kan ń bẹ̀rù pé jẹjẹrẹ a máa ràn. Kì í ràn. A kò lè kó o láti ara oúnjẹ tí ó sè, owó tí ó fọwọ́ kàn, tàbí àga tí ó jókòó lé. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí àìsàn yìí kọ̀ láti ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin. Ẹ̀yin ọkọ pẹ̀lú, mo mọ̀ pé ó ṣòro. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò lè wo ojú àpá àyà rẹ̀ nínú ilé, ìgboyà wo ni yóò fi jáde sí ọjà? Gèlè ni a fi ń bo orí tí irun rẹ̀ ti re (ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ pé aṣọ ilẹ̀ wa ti pèsè èyí sílẹ̀). Ní ti àyà, aránṣọ lè rán ọmú aṣọ tí a ti ki òwú sínú rẹ̀, tí ó wúwo bí èkejì, sínú kọ́mú rẹ̀, kí èjìká má baà tẹ̀ sí apá kan.

Ìkìlọ̀ kan kù fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó ṣì ń gba kẹ́mò. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí a bá fà á tán, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà máa ń lọ sílẹ̀ gidigidi. Ní àkókò yìí, kí ó yẹra fún èrò ọjà àti àwọn ọmọ tí ikọ́ ń ṣe. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó ìwọ̀n 38, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà ṣe òru. Kí wọ́n má ṣe pè é ní ibà, kí wọ́n má sì ṣe se àgbo fún un. N kò bú oníṣègùn ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbo kan ń bá oògùn kẹ́mò jà nínú ẹ̀dọ̀, dókítà sì ní láti mọ ohun gbogbo tí aláìsàn ń mu.

Ẹ̀yin ará Ìmẹ̀sí-Ilé yóò rántí, tàbí kí àwọn ìyá yín ti sọ fún yín, nípa Dókítà David Morley tí ó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild láàárín ọdún 1956 sí 1961, tí ó dá ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yín. Òun ni ó fi káàdì ìdàgbàsókè ọmọ sí ọwọ́ ìyá, dípò kí ó wà ní ilé ìwòsàn. Àwọn ìyá tí kò mọ̀wé pa káàdì yìí mọ́, àṣà náà sì tàn káàkiri ayé. Mo fẹ́ kí obìnrin tí ó gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ṣe bákan náà. Kí ó béèrè ìwé àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀, orúkọ oògùn tí wọ́n fún un, àti ọjọ́ tí wọ́n fún un. Kí ó kó wọn sínú ọ̀rá kan, kí ó sì so ó mọ́ ibi tí òjò kò lè dé. Bí ó bá padà sí iṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Kánò, dókítà tí ó wà níbẹ̀ yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ àyẹ̀wò tí ó ń bọ̀ sí ara ìwé náà ní ìta, kí ó sọ ọ́ fún ọ̀gá tàbí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nítorí ọjọ́ ọjà ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò máa ń bọ́ sí.